Bọ́ọ̀lù Tó Gba Àárín Ẹsẹ̀ Àmọ̀sù

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àmọ̀sù gbà pé òótọ́ ni. Ohun tí kò yé e ni ohun tí àgbà fẹ́ fi gbogbo àkísà náà ṣe.

Páàtì alùpùpù ló ń tà nínú ọjà ńlá Bouaké, ní ìsọ̀ tí bàbá rẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá dá sílẹ̀, tí ó sì fi lé e lọ́wọ́ kó tó kú. Nígbà kan rí, ó ní orúkọ níbẹ̀. Àwọn Baulé, tí wọ́n ń pe Yorùbá ní Anago, ń pè é ní Anago onípáàtì, àwọn Júlà ń pè é ní Àmúsù, bí ẹnu wọn ṣe lè pè é mọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àbúrò rẹ̀, Sheriffdeen, ti di ẹni tí ń fi bọ́ọ̀lù jẹun ní Bẹ́ljíọ̀mù, tí ojú rẹ̀ ń yọ lórí tẹlifíṣọ̀n ní òpin ọ̀sẹ̀, ọjà gbàgbé orúkọ méjèèjì. "Shérífù kọrọkẹ" ni wọ́n ń pè é báyìí, èyí tí í ṣe ẹ̀gbọ́n Shérífù lédè Júlà. Ẹni tó fẹ́ ra ṣéènì á ní, "Shérífù kọrọkẹ, ṣéènì dà?" Ẹni tó wá bínú pé ṣéènì tí òun rà lánàá ti já á ní, "Shérífù kọrọkẹ, ṣé bí àbúrò rẹ ṣe ń ṣe lọ́hùn-ún nìyí?" Àmọ̀sù á rọra mú òmíràn fún un, á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọ̀hún kì í kọjá eyín.

Ẹ má pè é ní ènìyàn burúkú. Ìlara kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Bí a bá jí, a ó kàn bá a lórí ẹní wa ni. Ó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀. Nígbà tí ibà dá Sheriffdeen dùbúlẹ̀ ní kékeré, ẹ̀yìn Àmọ̀sù ló wà dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá jẹ góòlù lórí tẹlifíṣọ̀n, tí gbogbo àdúgbò Sokoura hó, inú Àmọ̀sù á kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà ni nǹkan kan á rọra já a ní èékánná lábẹ́ ìhà. Á dìde, á ní òun fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá.

"Bàbá Shakirat," ni Qoreebah ìyàwó rẹ̀ wí fún un lọ́jọ́ kan, "àlùwàlá yín mà ń pọ̀. Ìgbà tí Sheriff bá jẹ góòlù lẹ máa ń rántí Ọlọ́run."

"Ṣé ó burú kí èèyàn rántí Ọlọ́run ni?"

"N ò ní ó burú. Mo kàn ní kí ẹ máa rántí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá na ẹgbẹ́ rẹ̀ náà."

Odò kì í ṣàn kó má nísun. Nígbà tí Àmọ̀sù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tí Sheriffdeen ń lọ sí mẹ́rìnlá, ọkùnrin kan ti Abidjan wá sí Bouaké láti wo àwọn ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá, kí ó lè mú díẹ̀ nínú wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ bọ́ọ̀lù bí ẹni kọ́ṣẹ́. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní Sokoura pé ti Àmọ̀sù ló bá wá. Ọmọ náà a máa gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni ń bá a sọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá wọn ní kí ó kọ́kọ́ gbé ẹrù lọ fún oníbàárà kan ní Botro.

"Wàá ti dé kí oòrùn tó kanrí," ni bàbá wí.

Ọmọ tí a bí ire kì í bá bàbá rẹ̀ jiyàn nítorí bọ́ọ̀lù. Ó lọ. Ní bíbọ̀, ọkọ̀ tó wọ̀ yọnu lójú ọ̀nà, gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀, wọ́n jókòó sábẹ́ igi kajú títí òjìji fi gùn. Nígbà tí yóò fi wọ Bouaké, àlejò Abidjan ti lọ. Sheriffdeen ló bá lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ bàtà bọ́ọ̀lù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ́sẹ̀. Bàtà náà tóbi jù fún un, ó ti ki ìwé ìròyìn bọ iwájú rẹ̀ kó má baà bọ́.

"Bọ̀ọ̀dá," ó ní, ojú rẹ̀ ń wolẹ̀, "mo ní kí n bá yín di àyè mú ni. Wọ́n wá ní èmi làwọn fẹ́."

Ọ̀rọ̀ yìí ni Àmọ̀sù ń fi sùn tó ń fi jí láti ọjọ́ náà. Àyè òun ni. Ilé tí Sheriffdeen kọ́ fún ìyá wọn, àyè òun ló kọ́ ọ. Àwọn ọmọ kéékèèké tí ń wọ ẹ̀wù tí a kọ orúkọ Sheriff sí lẹ́yìn, orúkọ òun ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí ọkọ̀ Botro ò bá yọnu ńkọ́? Ó bi ara rẹ̀ títí, ìbéèrè náà dán bíi kọ́bọ̀ ayé àtijọ́. Ìdáhùn kan ṣoṣo ló lè wà: kí àwọn méjèèjì dúró níwájú ara wọn pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kan. Èyí kò sì tíì ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ náà ti lọ. Bó bá wálé, àsìkò rẹ̀ kì í tó, tàbí kí ó ní ẹgbẹ́ òun ò gbà kí òun fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù àdúgbò.

Ní kékeré, orí ẹní kan ni wọ́n jọ ń sùn. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni ti Àmọ̀sù. Bí Sheriffdeen bá fẹ́ jáde lọ tọ̀, á ré ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kọjá. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé a kì í ré ẹni lẹ́sẹ̀ kọjá ká máa lọ. Bí a bá ré e, a gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ padà, kí ẹni ẹlẹ́ni má baà kúrú. Bó ti wù kí oorun kun Àmọ̀sù tó, á lanu:

"Padà síbí. Ṣé o fẹ́ kí n kúrú ni?"

Ọmọ náà á padà, á ré e padà, á wá tún àyíká gbà lọ síbi tó ń lọ. Nínú agboolé, bọ́ọ̀lù pàápàá wà lábẹ́ òfin yìí. Bí Sheriffdeen bá gba bọ́ọ̀lù láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjá, ohun tí àwọn ará Bouaké ń pè ní pẹtipọ́n, tó sì jẹ́ èébú ńlá fún ẹni tí a bá ṣe é fún, kò gbọdọ̀ sá lọ. Á gbé e gba ibẹ̀ padà. Ẹ̀gbọ́n lẹ̀gbọ́n ń jẹ́.

Ní oṣù kẹfà ọdún yìí, nígbà tí àwọn òyìnbó fi bọ́ọ̀lù sinmi, Sheriffdeen wálé. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́: ẹni tó bá a tan wá, ẹni tí ò bá a tan wá jù ú lọ. Àwọn ọ̀dọ́ Sokoura wá bẹ̀ ẹ́ kí ó gbá marakaná pẹ̀lú àwọn, bọ́ọ̀lù orí pápá kékeré tí ilé góòlù rẹ̀ ò ju àga jíjókòó lọ, tó jẹ́ pé lẹ́kẹ́, bàtà rọ́bà olówó pọ́ọ́kú nì, ni gbogbo èèyàn ń wọ̀ sí i. Àwọn tó ti gbéyàwó ni yóò bá àwọn àpọ́n ta kàn-ńgbọ̀n. Sheriffdeen jẹ́ àpọ́n. Àmọ̀sù ni olórí àwọn aláya.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ìyá wọn, Sèfíyátù, pe Àmọ̀sù sí kọ̀rọ̀.

"Kókósẹ̀ ọ̀tún àbúrò rẹ ò tíì san tán," ó ní. "Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ó lè sáré, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá fi lè gbá a níbẹ̀, iṣẹ́ lè bọ́."

"Kí ló wá ń wá lórí pápá?"

"Ó ní bí òun bá kọ̀, Sokoura á ní òyìnbó ti gùn ún lórí. Àmọ̀sù, ìwọ ni mo fi kókósẹ̀ náà lé lọ́wọ́. Máa bá mi ṣọ́ ọ."

"Mo gbọ́, Ìyá."

Ó fẹ́ sọ fún un pé eékún òun náà ń dun òun láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni eékún onípáàtì kàn? Ìyá kò mọ̀ pé ológbò lòun fi ń ṣọ́ ẹja.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, pápá kún dẹ́nu. Konan, ọmọ Baulé tí ń gẹ irun ní ojú títì, gbé gbohùngbohùn, ó ń ròyìn eré náà ní èdè Faransé àti Júlà, ẹnu rẹ̀ kò sinmi. Sèfíyátù jókòó sábẹ́ agbòòrùn láàárín àwọn obìnrin, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí kókósẹ̀ ara rẹ̀.

Eré bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ Sheriffdeen, Àmọ̀sù gbà á. Ó tún dé ibẹ̀, Àmọ̀sù tún gbà á. Àwọn aláya ń pàtẹ́wọ́. Konan ní, "Ẹ̀yin ará, ta ló wá ti Bẹ́ljíọ̀mù dé nínú àwọn méjèèjì yìí?" Àyà Àmọ̀sù fẹ̀ bíi ti àkùkọ. Ó ní nínú ara rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n, mo mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ yìí. Gbogbo òjìji igi kajú ọ̀nà Botro tún bò ó mọ́lẹ̀, inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó rí ẹrù rẹ̀ tí wọ́n jí lórí igbá ẹlòmíràn lọ́jà.

Lẹ́yìn èyí ni Sheriffdeen tún gbé bọ́ọ̀lù kò ó. Àmọ̀sù já lù ú, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì là gbàgà bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ akẹ́rù. Gbogbo pápá rí àárín ẹsẹ̀ náà. Konan ti ń fa "pẹtipọ́n" bọ̀ láti ọ̀fun. Sheriffdeen náà rí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró díẹ̀ lórí bọ́ọ̀lù, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì rọra yí bọ́ọ̀lù padà sí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ ò rí nǹkan," ni Konan wí. "Ó fojú àgbà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Anago lẹ́kọ̀ọ́ ilé."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ìkà nínú. Ó dun Àmọ̀sù ju pàṣán lọ. Ohun tó ti gbà lẹ́sẹ̀ ọmọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ eré yé e wàyí. Kò gba nǹkan kan. Wọ́n ń ta á lọ́rẹ ni. Èèyàn lè bínú sí ẹni tó jí ẹran rẹ̀, ṣùgbọ́n kí olè jí ẹran tán kó tún gé egungun fún ọ pé máa jẹ, ta ló lè gbé èyí mì?

Nígbà ìsinmi, ó pe àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn àgbá omi.

"Bọ̀ọ̀dá," ni Sheriffdeen dáhùn, ó sì lóṣòó díẹ̀.

"Ta lò ń bá gbá bọ́ọ̀lù?"

"Ẹ̀yin ni."

"Irọ́ ni. Ò ń gbé mi jó lórí ẹsẹ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ tó ń sunkún."

"Bọ̀ọ̀dá mi, eré lásán mà ni."

"Lọ́dọ̀ tìrẹ nìyẹn." Àmọ̀sù bu omi, kò mu ún. "Ọjọ́ tí mo ti Botro dé, kí lo sọ fún mi?"

Sheriffdeen kò bi í pé ọjọ́ wo. "Mo ní mo bá yín di àyè mú."

"Ó dáa. Mo wá wo àyè náà lónìí. Bí o bá tún yí bọ́ọ̀lù padà sẹ́yìn nítorí mi, kókósẹ̀ rẹ ọ̀tún ni màá gbá."

Ọmọ náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ọ̀kánkán ibi tí agbòòrùn ìyá wọn wà. "Ìyá ti sọ fún yín."

"Ó ní kí n máa ṣọ́ ọ."

"Bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ọ nìyí?"

"Bí o bá gbá bọ́ọ̀lù rẹ bó ti yẹ, ẹsẹ̀ mi ò ní bá a."

Sheriffdeen bọ́ lẹ́kẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó gbọn erùpẹ̀ inú rẹ̀ dànù, ó tún un wọ̀, ó dè é le.

Abala kejì bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí bọ́ọ̀lù fi kó wọn pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Ojú Sheriffdeen kò sí lára ẹ̀gbọ́n mọ́. Ara bọ́ọ̀lù ló wà. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, kí irọ́ má baà sọ wá: ẹsẹ̀ tí Àmọ̀sù jù sílẹ̀ lọ́jọ́ náà kò wá bọ́ọ̀lù. Kókósẹ̀ ló ń lọ bá. Gbogbo ohun tó ti gbé mì lọ́jà, gbogbo "Shérífù kọrọkẹ", gbogbo àlùwàlá tí kò nírun lẹ́yìn, ó wà nínú ẹsẹ̀ náà.

Ẹsẹ̀ náà gbá atẹ́gùn.

Kókósẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Àmọ̀sù gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù tó fẹ́ sòkòtò rẹ̀ yẹ́ẹ́ láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, ó gbọ́ atẹ́gùn tó kọjá létí òsì rẹ̀, nígbà tó sì yíjú, àtẹ́lẹ̀ lẹ́kẹ́ ló rí tó ń lọ. Kò rí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Òun gan-an tó wà níbẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹnubodè, kò rí i. Ìbéèrè ọlọ́jọ́ pípẹ́ rí ìdáhùn kí ojú tó ṣẹ́. Bí ọkọ̀ Botro ò bá tiẹ̀ yọnu, bí bàbá ò bá tiẹ̀ rán an níṣẹ́, bí bàtà bá wà lẹ́sẹ̀ ẹni tó ni ín, àlejò Abidjan ì bá ṣì nawọ́ sí ọmọ kékeré yìí. Àyè náà kì í ṣe tirẹ̀. Kò jẹ́ tirẹ̀ rí.

Ó dúró síbẹ̀, ẹsẹ̀ là, bí ẹni tí wọ́n kó ilé rẹ̀ tí kò tíì rántí ti ilẹ̀kùn. Pápá ti ń hó. Ilé góòlù ṣófo níwájú Sheriffdeen, ọmọ ọwọ́ lè gbá a wọlé. Ọmọ náà gbé ẹsẹ̀ sókè láti gbá a.

Ló bá dúró.

Ó yí padà. Ó ń da bọ́ọ̀lù bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àwọn àpọ́n ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pariwo pé ibo ló ń lọ. Ó dé ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ti bọ́ọ̀lù náà gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, láti ẹ̀yìn bọ́ síwájú, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ti ife omi sí àgbà. Ọ̀kan nínú àwọn aláya gbé bọ́ọ̀lù tó ń yí lọ náà, ó sá lọ jẹ góòlù tó fi gba eré fún wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wo ìyẹn.

Gbogbo Sokoura ṣubú lulẹ̀. Àwọn ọkùnrin di ara wọn mú kí wọ́n má baà wó. Wọn kò rí èébú tó tó báyìí rí. Pẹtipọ́n kan tó láti fi ba ọdún ọkùnrin jẹ́, tí ẹnìkan bá wá ṣe é tán kó tún ti ẹ̀yìn ṣe é padà ńkọ́? "Alé-rètúù," ni Konan ń ké, èyí tí í ṣe àlọ-àtàbọ̀ lédè Faransé, ohùn rẹ̀ ti há. "Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì alé-rètúù nínú ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

Èèyàn mẹ́ta péré ni kò rẹ́rìn-ín. Sheriffdeen dojú bolẹ̀, ó ń gbọn lẹ́kẹ́ rẹ̀. Sèfíyátù dìde lábẹ́ agbòòrùn, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó tún jókòó. Àmọ̀sù rọra pa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dé. Oòrùn ń wọ̀, òjìji rẹ̀ gùn lórí erùpẹ̀ pápá dé ibi tí àbúrò rẹ̀ dúró sí.

Ní alẹ́, bí wọ́n ti ń jẹun, ìyá kọjá lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú abọ́. "Ẹni a bá nájà là ń wò," ó ní, kò sì dúró sọ ìyókù.

Ọjọ́ tí Sheriffdeen máa padà, Àmọ̀sù ló gbé e dé ibùdókọ̀ lórí alùpùpù. Ẹrù wà láàárín wọn títí wọ́n fi dé.

"Ẹsẹ̀ yín ò bá a, Bọ̀ọ̀dá."

"Mo gbìyànjú."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀, o wá padà wá?"

"Ṣé kí n wá sọ yín di aràrá ni?" Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ti kúrú tó."

Àmọ̀sù fi akoto lù ú lẹ́yìn, ó sì yí alùpùpù padà kí àbúrò rẹ̀ má baà rí ojú rẹ̀.

Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó pè é ní Shérífù kọrọkẹ nínú ọjà mọ́. Alé-rètúù ni wọ́n ń pè é. "Alé-rètúù, ṣéènì dà?" Ó kọ́kọ́ gún un, ó sì wá di ohun tí etí ń mọ́ra fún. Orúkọ yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n àtọjọ́ tó ti pẹ́, òun ni orúkọ àkọ́kọ́ tí wọ́n pè é tí kì í ṣe ti ẹlòmíràn.

Ẹni tó bá ní ìlara ti kú nínú rẹ̀ ń tan ara rẹ̀ ni. Nígbà tí bọ́ọ̀lù òyìnbó tún bẹ̀rẹ̀, tí ilé tún kún níwájú tẹlifíṣọ̀n, èékánná náà ṣì wà lábẹ́ ìhà. Ní ọjọ́ kan, Sheriffdeen gbé bọ́ọ̀lù ko òyìnbó gíga kan, ó gbà á láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, ó sá lọ, ó sì gbá a sáwọ̀n. Sokoura hó. Qoreebah yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Shakirat, omi wà nínú kẹ́tùrù o."

"Jẹ́ ná." Àmọ̀sù fa àga sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n.

Wọ́n tún un fi hàn, wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́. Bọ́ọ̀lù kọjá. Sheriffdeen kọjá. Ọmọ náà ń sáré, ó ń la apá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dì mọ́ ọn. Òyìnbó gíga náà ṣì dúró lẹ́yìn, ẹsẹ̀ là gbàgà, bí ẹni ń retí nǹkan. Kò sẹ́ni tó padà wá bá a.

Ẹ̀rín kan mú Àmọ̀sù, ó ti ọ̀fun wá lọ́tẹ̀ yìí.

"Ọkùnrin yẹn á kúrú," ó ní.